Kí Ẹgbẹ́ Òbí Tó Ní Kí Wọ́n Lé Ọmọ Náà

Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti wọlé ní Akpro-Missérété, ìpàdé àwọn òbí kì í pẹ́ tẹ̀lé e. A ó kóra jọ sínú kíláàsì tàbí sábẹ́ igi, ìgbìmọ̀ APE, ìyẹn ẹgbẹ́ òbí akẹ́kọ̀ọ́, á ka ìròyìn owó, ọ̀rọ̀ á kan bẹ́ǹṣì tó ti ya, ilé ìyàgbẹ́ tó ti kún, ògiri ọgbà tí a bẹ̀rẹ̀ tí a ò parí. Ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ òbí ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè Benin kógbá wọlé láwọn ọdún tí olùkọ́ ìjọba kò tó, tó jẹ́ pé owó tí òbí dá jọ ni wọ́n fi ń san olùkọ́ mìíràn. Mo ti jókòó sí irú ìpàdé yìí gẹ́gẹ́ bí òbí, mo sì ti jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó akẹ́kọ̀ọ́. Ohun kan náà ni mo rí lẹ́ẹ̀mejèèjì: ọ̀rọ̀ oògùn tí àwọn ọmọ ń lò kì í sí nínú ètò ìpàdé, àfi lọ́jọ́ tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán.

Lọ́jọ́ náà, gìrì ti gbé ọmọ kan ṣánlẹ̀ ní kíláàsì, tàbí wọ́n ti bá páálí oògùn nínú àpò ìwé ẹlòmíràn. Wọ́n á pe òbí jọ ní kíá. Àwọn tí kì í wá ìpàdé á wá. Ariwo á pọ̀, ohùn á sì ṣọ̀kan: ẹ lé e, kó má baà ba ọmọ tiwa jẹ́. Wọ́n á lé e. Ẹni tó ta oògùn fún un ṣì wà nídìí òwò rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń lò ó ti kọ́ ọgbọ́n kan, pé àgbàlagbà kankan kò gbọdọ̀ gbọ́ sí i mọ́. Ọmọ tí wọ́n lé ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ti ń wá irú rẹ̀: ẹni tó fẹ́ ọmọkùnrin tí yóò máa gbé kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, lóru, ẹni tó fẹ́ ọmọ tó mọ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kó lè bá a tajà fún wọn. Ibi tí a ti ń tú ìpàdé ká yẹn gan-an ló yẹ kí iṣẹ́ ẹgbẹ́ òbí ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwa òbí fúnra wa sì ni iṣẹ́ náà wà, kó tó kan ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń bá jà. Tramadol ni orúkọ tó gbajúmọ̀ jù. Ilé iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ló gbé e jáde fún títà ní 1977, oògùn gidi sì ni: dókítà máa ń kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, tàbí ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́. Èyí tó jẹ́ mílígíráàmù 50 tàbí 100 ni ilé ìwòsàn sábà máa ń lò, àgbàlagbà kò sì gbọdọ̀ kọjá 400 lójúmọ́. Èyí tó ń kiri ọjà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ń tó 225 tàbí 250 nínú hóró kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó gbé méjì mì lẹ́ẹ̀kan ti kọjá ohun tí dókítà gbà kí àgbàlagbà lò fún odidi ọjọ́ kan. Gìrì lè gbé e. Bó bá fi ọtí sódàbì lé e, èémí rẹ̀ lè máa lọ sílẹ̀ títí yóò fi dákẹ́ lójú oorun. Bí oògùn náà bá sì ti mọ́ ọn lára, tó wá fi í sílẹ̀ lójijì, òógùn á bò ó, gbogbo ara á máa ro ó, oorun á dá lójú rẹ̀. Òbí tó rí èyí á ní ibà ni, tàbí kó ní ọ̀lẹ ń ṣe ọmọ.

Íńdíà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, àwọn èbúté wa ló sì ń gbà wọlé. Ti Cotonou kò gbẹ́yìn. Ní oṣù kẹrin 2018, Íńdíà fi tramadol sábẹ́ òfin oògùn olóró rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kò káwọ́ gbera. Ní oṣù kejì 2025, BBC tú àṣírí ilé iṣẹ́ Íńdíà kan, Aveo, tó ń po tapentadol pọ̀ mọ́ carisoprodol, tí ọjà rẹ̀ sì ti wọ Gánà, Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire. Kò pẹ́ tí ìjọba Íńdíà fi fòfin de àpòpọ̀ náà. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé òbí tó há orúkọ oògùn kan ṣoṣo sórí kò ní dá èyí tó máa dé lọ́dún tó ń bọ̀ mọ̀. Ọmọ rẹ̀ ni kó mọ̀ dáadáa: bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun, ẹni tó ń bá rìn, ohun tó ń fi owó oúnjẹ rẹ̀ rà.

Akpro-Missérété wà lójú ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ lọ sí Sakété àti Pobè. Ọjà Ouando wà nísàlẹ̀ wa, ẹnubodè Ìgòlò kò sì jìnnà. Ohun tó ń gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá tọ̀sán tòru pọ̀, àwọn tó ń gbé e kì í sì í fẹ́ kí oorun kùn wọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kọ́kọ́ rí oògùn náà, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀daràn kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n tó ń wa zẹ́míjàn, ọ̀kadà akérò, ń lò ó kí ẹ̀yìn má baà máa dùn ún. Ẹni tó ń ro oko olóko, ẹni tó ń ru búlọ́ọ̀kù níbi ilé kíkọ́, ń lò ó kí ọjọ́ lè tètè lọ. Lásìkò ìsinmi gbọọrọ, ọmọ tó fẹ́ wá owó ìwé á bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n á sì fún un ní ààbọ̀ hóró tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni ń fún ọmọ ní omi mu. Nígbà tó bá padà sí kíláàsì ní oṣù kẹsàn-án, ó ti mọ ohun tó ń lé àárẹ̀ lọ. Bí ìdánwò BEPC bá ń bọ̀, tí àyà rẹ̀ ń já, ó mọ ibi tí yóò nawọ́ sí.

Èyí túmọ̀ sí pé nínú ìpàdé òbí gan-an, àwọn kan wà tí oògùn yẹn wà lápò wọn bí a ti ń sọ̀rọ̀. N kò sọ ọ́ láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Bàbá tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú kí ọmọ rẹ̀ lè wà nílé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀tá wa. Ṣùgbọ́n bí a bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọmọ burúkú àti òbí tí kò tọ́ ọmọ, bàbá yẹn á panu mọ́. Bẹ́ẹ̀ òun ló mọ ẹni tó ń tà á, iye tó ń tà á, àti àkókò tó máa ń dé. Ìpàdé tó bá kọ́kọ́ fi ìlera àwọn òbí fúnra wọn ṣáájú, tí nọ́ọ̀sì àdúgbò bá wá ṣàlàyé ohun tí hóró yẹn lè fi ojú ẹni tó ń wa ọ̀kadà lóru rí, níbẹ̀ ni mo ti ń rí i tí ẹnu ń là. Ẹnì kan á béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni ń béèrè fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn á dúró dè é ní ẹnu ọ̀nà. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ ní sùúrù fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, torí ibẹ̀ ni òtítọ́ máa ń gbà wọlé.

Igbó ní tirẹ̀ ti pẹ́ láàárín wa. Ní 1964, Tolani Asuni, dókítà ní ilé ìwòsàn Aro l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé lórí wàhálà tó ń dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí àsìkò Ogun Àgbáyé Kejì àti ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá tí UNODC, ilé iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró, àti ilé iṣẹ́ ìṣirò Nàìjíríà gbé jáde lórí ọdún 2018, bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló ti lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Igbó ló ṣíwájú, oògùn ìrora bíi tramadol àti kòdéìnì ló tẹ̀lé e. Ẹkùn Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, ilẹ̀ àwọn ìbátan wa tó bá wa pààlà, ni ìṣirò rẹ̀ ga jù, ó tó 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹnubodè kò dí ẹ̀gúsí àti epo lọ́wọ́; kò lè dí èyí náà.

Àwọn àgbà ní ojú méjì ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń wò ó. Ojú kò dín lónìí. Bọ́ndáàmù tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ rí àlejò tó ń pe àwọn ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lásìkò ìsinmi. Onízẹ́míjàn mọ ibi tó gbé wọn lọ. Onílé rí iná yàrá tí kò kú títí di aago mẹ́ta òru. Àwọn ojú yìí kì í bára wọn sọ̀rọ̀ ni. Ìyá ọmọ kò mọ ìyá ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀, kò ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, bó bá sì gbọ́ nǹkan, ẹ̀rù á bà á pé wọn á ní ó fẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́.

Ìyá kan ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà, Marsha Keith Schuchard, bá irú ẹ̀rù yìí pàdé ní 1976. Ọmọ rẹ̀ ṣe ọjọ́ ìbí ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ìyá àti bàbá rí i pé igbó ni àwọn ọmọ tí wọ́n pè ń mu nínú ọgbà ilé wọn. Ó pe òbí gbogbo ọmọ tó wá. Àwọn kan bínú, àwọn kan ní ọmọ tàwọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n jókòó, wọ́n sì rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ọmọ ń fi tan gbogbo wọn: "ìyá lágbájá gbà fún un." Wọ́n fẹnu kò lórí aago tí ọmọ gbọ́dọ̀ wọlé, lórí pé òbí á máa pe òbí kí ọmọ tó lọ sílé ẹlòmíràn. Ní 1979, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró tẹ ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde, ẹgbẹ́ òbí sì rú jáde káàkiri. Ní 1978, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń mu igbó lójoojúmọ́ ní Amẹ́ríkà ju 10 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1992 kò tó 2. Kì í ṣe òbí nìkan ló ṣe é. Lójú tèmi, ọdún àkọ́kọ́ wọn ló kọ́ni lọ́gbọ́n jù, nígbà tí aládùúgbò ṣì ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tí wọ́n jọ mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ di ti òṣèlú, ó di ariwo àti ìjìyà.

Iceland náà ti lo ọgbọ́n yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì yẹ kí a farabalẹ̀ wo tiwọn. Ní 1998, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún 15 sí 16 níbẹ̀, 42 ló ti mu ọtí yó láàárín oṣù kan. Ní 2016, ó ti di 5. Àwọn tó ti tọ́ igbó wò rí lọ sílẹ̀ láti 17 sí 7, àwọn tó ń mu sìgá lójoojúmọ́ láti 23 sí 3. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Òfin wọn sọ pé ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ òbí. Àwọn òbí kíláàsì kan á fọwọ́ sí ìwé àdéhùn: àríyá kankan kò ní wáyé nílé tí àgbàlagbà kò sí, ẹnikẹ́ni kò ní ra ọtí fún ọmọdé, èmi á máa wo ọmọ tìrẹ, ìwọ náà á máa wo tèmi. Ọmọ ọdún 13 sí 16 kò gbọdọ̀ dá wà níta lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ nígbà òtútù. Òbí ń jáde lálẹ́ ọjọ́ ìsinmi, wọ́n ń rìn kiri àdúgbò ní méjì méjì, ní mẹ́ta mẹ́ta, láì lu ẹnikẹ́ni, láì tú àpò ẹnikẹ́ni. Ìjọba Reykjavík sì ń san lára owó eré ìdárayá àti orin kíkọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún.

A ò ní owó Iceland. Pápá bọ́ọ̀lù tó dára ṣọ̀wọ́n ní àwọn abúlé wa ní Katagon àti Zoungbomè. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn kò gba owó, rírìn kò gba owó. Ní ilẹ̀ Àjàṣẹ́ tí gbogbo ayé ti mọ Zàngbétò tó ń ṣọ́ ìlú lóru, ta ló máa sọ pé ìṣọ́ òru jẹ́ ohun àjèjì? Àwọn ẹgbẹ́ ìyá akẹ́kọ̀ọ́, tí a ń pè ní AME, ti máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti bẹ òbí pé kó má fi ọmọbìnrin sílẹ̀ láìlọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹsẹ̀ yẹn kan náà, ẹnu pẹ̀lẹ́ yẹn kan náà, ni ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́. Bó bá jẹ́ èmi ni, àwọn ìyá yìí ni n ó fi ṣáájú, torí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé onílé láì fi ìtìjú kan ẹnikẹ́ni. Kí bọ́ndáàmù náà ní àyè níbi ìpàdé. Kí ìpàdé má sì jẹ́ Faransé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ kò ní lè sọ ohun tó rí. Ẹ fi Gun sọ ọ́, ẹ fi Nàgó sọ ọ́.

Àwọn ọmọ tó ń dá yàrá gbé ló ń ká mi lára jù. Abúlé tó jìn sí CEG, ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba, ni wọ́n ti wá. Òbí háyà yàrá fún wọn, wọ́n ń dáná fúnra wọn, ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́ wọn lè má rí wọn fún oṣù kan. Ebi ń pa wọ́n, ẹrù iṣẹ́ ilé ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn, yàrá wọn ni ọ̀rẹ́ tó fẹ́ mu nǹkan tí bàbá kò gbọdọ̀ rí ti ń farapamọ́. Kí ẹgbẹ́ òbí ní orúkọ gbogbo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lákọsílẹ̀, kí ìdílé kan tó súnmọ́ yàrá wọn gba ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ra: kó jẹun lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mọ ìgbà tí ara rẹ̀ kò yá. Bí ẹgbẹ́ wa kò bá lè ṣe ju ohun kan lọ lọ́dún, èyí ni kí wọ́n ṣe.

Lọ́dọọdún, 26 oṣù kẹfà ni ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ láti 1987 fún ìjà oògùn olóró. Lọ́dọ̀ wa, àsìkò ìdánwò àti ìsinmi nìyẹn, kíláàsì ti ṣófo. A á pe ẹnì kan wá sọ̀rọ̀ lórí pèpéle, nígbà mìíràn ẹni tó ti lo oògùn rí, a á pàtẹ́wọ́. Ìlànà tí UNODC gbé jáde ní 2013, tí òun àti WHO sì tún ṣe ní 2018, sọ ọ́ gbangba pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ nìkan, àti ìjẹ́rìí ẹni tó ti lò ó rí, kì í dá ọmọ dúró. Yíyẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ wò ní ilé ẹ̀kọ́ pàápàá kò fi èrè hàn. Ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni kí òbí mọ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ, bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń fi ààlà lélẹ̀ láì bú u.

Ẹni tó ń tà á ńkọ́? Òfin 97-025 ti ọjọ́ 18 oṣù keje 1997 wà fún un. Ilé ẹjọ́ CRIET tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbígbé oògùn olóró sì wà ní Àjàṣẹ́ níbí. Ọlọ́pàá ni kí ẹgbẹ́ òbí mú ohun tí wọ́n bá mọ̀ lọ bá, pẹ̀lú ìwé, ní orúkọ ẹgbẹ́, kó má baà jẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹni náà yóò máa lépa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ọ̀dọ́ jọ láti lọ lù ú. Mo ti rí ibi tí irú lílù bẹ́ẹ̀ ti bọ́ sórí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọmọ tó ń lò ó kì í ṣe ti ọlọ́pàá, ti ilé ìwòsàn ni. Benin fọwọ́ sí Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọ ní 1990. Ìpín 33 rẹ̀ ní kí ìjọba dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ oògùn olóró. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Jacquot wà ní Cotonou. Aro wà l'Ábẹ́òkúta fún àwọn tó ní ẹbí lọ́hùn-ún, níbi tí Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ ní 1954: àwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, ìbátan wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Lambo rí i pé ìwòsàn kì í dúró bí ẹbí kò bá sí níbẹ̀. Bí ìwé ìlé-lọ bá ti wà lọ́wọ́ ọmọ kó tó dé ilé ìwòsàn, ibo ni yóò padà sí nígbà tó bá yá? Kí ẹgbẹ́ òbí bá olùdarí ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, nígbà tí ara ti balẹ̀, pé ọmọ tí wọ́n bá rí oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ á ní àga rẹ̀ nínú kíláàsì tó bá gba ìtọ́jú, pé ẹgbẹ́ á yan òbí méjì tí yóò bá ìdílé rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n á sì pa àṣírí mọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ìwé ìpè sí ìpàdé APE tó ń bọ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sí i kí wọ́n tó ka ti owó, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí gbogbo ènìyàn ti ń dìde. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà fóònù òbí ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí ọmọ yín ń bá rìn jù. Ẹ pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà.